Báwo ni ọmọ ọdún 21 ṣe máa sọ fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀ pé àyè ti kún?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Nílùú Òtútù béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nítòsí Boston, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti ọdún tí mo ti wọlé ni mo ti ń yọ̀ǹda ara mi ní ilé ìsùn àwọn aláìnílé kan tó wà ní abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ń bójú tó gbogbo rẹ̀, láti orí oúnjẹ alẹ́ dé orí aṣọ ibùsùn tí a ń fọ̀ láàárọ̀. Ibùsùn 22 ló wà níbẹ̀, ìgbà òtútù nìkan la sì ń ṣí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yàn mí ṣe alábòójútó òru. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lóru ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, èmi ni mo ń sọ ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí kò ní wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo ibùsùn ti kún. Ìwé kan wà lára ògiri wa, tí àwọn panápaná ìlú fọwọ́ sí, tó sọ iye ènìyàn tó lè sùn nínú yàrá náà. Bí a bá fi ẹyọ ẹnì kan lé e, wọ́n lè ti ibẹ̀ pa, kí àwọn tó kù náà má ríbi sùn. Ìgbà náà ni ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Àgbàlagbà ni, yóò ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó wọ bàtà kánfáàsì tó ti rin gbingbin, kò sì wọ ìbọ̀sẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti sùn lọ́dọ̀ wa rí. Ó kí mi, ó sì béèrè bóyá a lè rí àyè fún òun.

Ẹnu mi kò gbà láti sọ pé àyè ti kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé tiwa, bí àgbàlagbà bá dé, ìjókòó la kọ́kọ́ ń gbé fún un, a ó bu omi fún un kó mu, kí a tó béèrè ohun tó bá wá. Ìlànà iṣẹ́ wa pàápàá sọ pé "àlejò" ni kí a máa pe àwọn tó ń sùn lọ́dọ̀ wa. Níbo la ti ń dá àlejò padà sínú yìnyín lóru? Bí mo ṣe dúró tí mò ń wò ni ọmọ ọdún 19 kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bọ́ síwájú mi, ó pe bàbá náà lórúkọ gán-an, ó ní kó má bínú, pé àyè ti kún, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló ṣe é ní ìlànà tiwọn, n kò lè sọ pé ó hùwà burúkú. Bàbá náà mi orí, ó yí padà, ó lọ.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́ náà, ṣebí ìwé ni mo wá kà. Mo wá ń bi yín: báwo ni ọmọdé ṣe ń ṣe aṣíwájú níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé bá ti dàgbà tó òbí rẹ̀? Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi yóò ti gboyè jáde, bàbá yẹn sì lè ṣì wà lójú títì. Irú aṣíwájú wo wá ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi?

Akọ̀wé Òru dáhùn pé:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. Èmi náà ti jókòó sẹ́nu irú ìlẹ̀kùn yẹn rí ní ìlú Cambridge tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boston, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo sì mọ bí ó ṣe ń rí nínú ẹni.

Ìbéèrè rẹ kejì ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló rọrùn jù. Ọdún 1983 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Harvard tó wà níbẹ̀ ṣí ilé ìsùn Harvard Square Homeless Shelter ní abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì University Lutheran, lábẹ́ Phillips Brooks House Association, ẹgbẹ́ iṣẹ́ àánú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń darí. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń bójú tó o láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sábà lò ju ọdún mẹ́rin lọ kó tó gboyè jáde. Ìran akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá ló ti fa iṣẹ́ náà lé ara wọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé lílọ ẹni ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni, ibẹ̀ ì bá ti di àwókù tipẹ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí ẹni tó ń lọ kó gbogbo ohun tó mọ̀ sínú orí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ ibi tí wọ́n ti ń yí omi gbígbóná pa, kọ orúkọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan, kọ ohun tí ẹ ṣe lóru tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ. Ẹni tí yóò gba ipò rẹ, jẹ́ kó bá ọ jókòó fún oṣù méjì gbáko kí o tó kúrò.

Nípa bàbá tó dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó yẹ kí o mọ bó ṣe débẹ̀, kí o má baà máa rò pé ìwọ lo lé e síta. Ní ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń ná sórí ilé olówó pọ́ọ́kú ń dín kù, wọ́n ti ti ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ láì pèsè ibòmíràn tó tó, àwọn ilé tí tálákà ti ń yá yàrá kan ṣoṣo sì ń di ilé ọlọ́lá. Ní 1983 kan náà ni Massachusetts ṣe òfin tó fi dandan lé e pé kí ìpínlẹ̀ pèsè ibi ìsùn fún ìdílé tó lọ́mọ àti aláboyún tí kò nílé. Òfin tó dára ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2023 wọ́n fi iye kan há a, pé ìdílé 7,500 ni ètò náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan nígbà náà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó dá wà, tí kò lọ́mọ lẹ́yìn, kò sí nínú òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ń kan ìlẹ̀kùn yín.

Wàyí o, ẹnu ìlẹ̀kùn. Ohun tó burú jù ni kí ènìyàn rin ìrìn wákàtí kan nínú òtútù kó tó gbọ́ "rárá". Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Ẹ yan wákàtí kan tí ẹni tó bá fẹ́ sùn yóò pè yín lórí fóònù, kí ẹ ṣẹ́ gègé fún ibùsùn tó bá ṣí sílẹ̀, kí ẹni tí gègé kò bá mú lè tètè mọ ibòmíràn tí yóò forí lé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilé ìsùn Y2Y nìyẹn, tí Sam Greenberg àti Sarah Rosenkrantz ṣí ní abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì First Parish ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 fún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 24. Gègé ni wọ́n fi ń pín ibùsùn ọlọ́jọ́ 30 níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, inú ilé ìsùn ti 1983 yẹn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ aláìnílé ń sá fún ibi tí àgbàlagbà pọ̀ sí, wọ́n á yàn láti sun ìta. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo ìwé tí wọ́n fún wa kà nípa ipò aṣíwájú lọ.

Ẹni tó bá sì kan ìlẹ̀kùn láì pè, má ṣe ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Jáde sí i. Wọ kóòtù rẹ, bọ́ síta, kí o bá a dúró nígbà tí ẹnì kejì rẹ ń pe àwọn ilé ìsùn mìíràn, tàbí ọkọ̀ tí ilé ìsùn Pine Street Inn fi ń yí ìlú ká lóru bó bá jẹ́ pé inú Boston lẹ wà.

Ìyá Ìbejì ní Dorchester dáhùn pé:

Ọmọ mi, o kú ìnira. Olúwa yóò bá ọ kà á sí rere. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Boston níbí, ọdún 17 rèé tí mo ti ń ṣe é. Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ tí àwọn tó ń tọ́jú aláìnílé nílùú yìí mọ̀ dáadáa.

Ní 1985, nígbà tí wọ́n dá Boston Health Care for the Homeless Program, ètò ìwòsàn fún àwọn aláìnílé, sílẹ̀, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Jim O'Connell, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Massachusetts General, ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ní Pine Street Inn, ilé ìsùn ńlá tó ti wà láti 1969. O mọ bí dókítà tuntun ṣe ń rí, ìwé ṣì ń gbóná lórí wọn. Àgbà nọ́ọ̀sì kan, Barbara McInnis, ní kó gbé ohun tó fi ń gbọ́ ìmí àyà sílẹ̀ ná, kó lọ máa bu omi sínú ọpọ́n, kó máa fi ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò nílé wà lórí àga, dókítà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn tí kì í fẹ́ rí dókítà sójú wá bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu bá a sọ̀rọ̀ fúnra wọn, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí i nílẹ̀ níbẹ̀ lálaalẹ́. Lónìí, orúkọ McInnis ló wà lára ilé tí ètò náà ti ń tọ́jú aláìnílé tí ara rẹ̀ kò le tó láti padà síta.

Ìwọ ń béèrè bí ọmọdé ṣe ń darí àgbà. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ta ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀? Kì í ṣe pé kí o kúnlẹ̀ kí òyìnbó o, wọn kò ní mọ ohun tí o ń ṣe, wọ́n lè rò pé nǹkan kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n gbé ọpọ́n kalẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí o bù, má bu èyí tó gbóná, torí ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri kò ní mọ ìgbà tí omi bá ń jó o. Bí o bá rí ìka ẹsẹ̀ tó ti funfun tó sì le, má ṣe fọwọ́ ra á, má jẹ́ kó fi rìn mọ́, pe àwọn onílé ìwòsàn. Bàtà kánfáàsì tó rin gbingbin tí o sọ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ohun tí o kọ, nítorí ẹsẹ̀ tó bá wà nínú ọ̀rinrin fún ọjọ́ mélòó kan lè bàjẹ́ kódà bí òtútù kò bá tíì tó ti yìnyín. Ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa tọrọ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Gbogbo ènìyàn ló ń gbé aṣọ wá, ìbọ̀sẹ̀ tuntun ni wọn kì í rántí.

Ohun kan tún kù. Ní 2023, ìjọba fàyè gba kí wọ́n máa ta Narcan láì gba ìwé dókítà, èyí tí wọ́n ń fín sí imú ẹni tí oògùn olóró bá fẹ́ gbé lọ. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òru yín tí kò mọ̀ ọ́n lò. Kí ẹ sì máa kan ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ bí ẹnì kan bá ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ má tijú. Ìtìjú ló ń pa ènìyàn nínú ilé ìwẹ̀, mo ti rí i.

Bá mi kí ìyá rẹ. Sọ fún wọn pé o ń kàwé.

Olùkọ́ Kan láti Ìbàdàn dáhùn pé:

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì yìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò ní dùn ún gbọ́. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kínní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ka àwọn aláìnílé wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, 771,480 ènìyàn ni wọ́n rí, èyí tó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ibùsùn 22 kò dé ibì kankan nínú ìyẹn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé iṣẹ́ àánú máa ń dùn mọ́ ẹni tó ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ á sun oorun rere lẹ́yìn tó bá fún ènìyàn ní ọbẹ̀ gbígbóná, á kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń wá iṣẹ́, ilé kò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní ìlú.

Ní New York ní 1992, Sam Tsemberis dá Pathways to Housing sílẹ̀. Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ẹni tó ń sun ìta, wọn kò ní dúró dìgbà tó bá jáwọ́ nínú ọtí tàbí oògùn kí wọ́n tó fún un, ìwádìí sì fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló dúró sínú ilé náà. Ẹ wá wo ibi tí òfin ń lọ báyìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ ìlú Grants Pass, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, pé ìlú lè fìyà jẹ ẹni tó bá sùn ní gbangba, kódà bí kò bá sí ibùsùn tó lè lọ. Níwájú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ọpọ́n omi ni aṣíwájú yóò gbé?

Mo tún rántí nǹkan kan. Nílé wa níbí, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí àyè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì á máa fara há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn kan ṣoṣo, a ó sì pè é ní squatter, a ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin McKinney-Vento ti 1987 lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláìnílé, ọmọ iléèwé tó bá ń bá ẹlòmíràn há àyè nítorí àìrówó yálé, ara aláìnílé ni wọ́n ń kà á mọ́. Mo ti kọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì mi láìmọye ìgbà, n kò sì bi ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ní ibi tó sùn rí.

Akọ̀wé Òru dáhùn pé:

Ọ̀gá, òtítọ́ lẹ sọ, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí pé ilé ju ibùsùn lọ. Ṣùgbọ́n inú ìwé àkọsílẹ̀ òru ni a ti rí ohun tí a gbé lọ bá àwọn aláṣẹ. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹnì kan nínú àwọn tó ṣáájú wa ti fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún iye ẹni tí a dá padà lálaalẹ́. Iye àwọn tó sùn nìkan ni gbogbo ilé ìsùn máa ń kọ, nítorí òun ló ń mú owó wá lọ́wọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́. Ó rẹ̀ wá láti máa kọ èkejì, nítorí ó ń dójú tini. Nígbà tí a kó o jọ fún ìgbà òtútù kan, tí a sì gbé e dé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú lálẹ́ ọjọ́ Ajé, tí ọmọ ọdún 20 kan dìde tó kà á sókè, òru kan lẹ́yìn òru mìíràn, pẹ̀lú bí òtútù ṣe tó lóru kọ̀ọ̀kan, gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. N kò ní parọ́ pé wọ́n kọ́ ilé lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, bàbá tó lọ yẹn, ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?

Bàbá Worcester dáhùn pé:

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, n kì í sábà kọ nǹkan. Èyí kan mí.

Èmi ti sùn ní irú ilé ìsùn bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Onílé ta ilé tí mo wà, ẹni tó rà á fi owó kún owó ilé ní ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè mí nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Mo ní àwọn ará Yorùbá ní ìlú náà, mo tilẹ̀ ń bá wọn jọ́sìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí wọ́n ń retí owó lọ́wọ́ mi nílé, báwo ni n ó ṣe wí i? Mo fi owó ránṣẹ́ nínú oṣù yẹn bí mo ṣe máa ń fi í ránṣẹ́. Lálẹ́ Sátidé, mo máa ń pe ìyá mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìsùn náà. Wọ́n á ní, "Ariwo kí ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ?" Mo á ní ibi iṣẹ́ ni. Wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ mi." Wọ́n ti di ẹni àná báyìí, wọn kò sì mọ̀ títí wọ́n fi lọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí àlejò ń rí ni n ó sọ fún ọ. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, mo rántí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ. Ó jókòó tì mí nígbà oúnjẹ, ó béèrè bí mo ṣe dé ipò tí mo wà, ó ń fi ẹ̀dùn ọkàn tẹ́tí sílẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni mo gbọ́ pé ó ti lò ó fún iṣẹ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n kọ, ó tilẹ̀ mú un wá fi hàn mí pẹ̀lú ayọ̀, pé òun gba máàkì tó ga. Kò pe orúkọ mi níbẹ̀. Síbẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jẹun pọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Kìlọ̀ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Èkejì jẹ́ ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn lóru àkọ́kọ́ tí mo dé. Wọ́n ti kún lóru yẹn, kò sì gbà mí wọlé. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú kojú, kò yí i po. Lẹ́yìn náà, ó jáde, ó bá mi dúró lábẹ́ òrùlé kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú títí wọ́n fi rí ibòmíràn fún mi. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Bọ́ọ̀lù la sọ. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi gan-an, ó tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí ó fi sún mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, gègé mú mi; bí mo ṣe wọlé, ó pè mí ní orúkọ náà.

Ìwọ rò pé ìwà àìlọ́wọ̀ ni láti sọ fún àgbà pé kò sí àyè. Rárá o. Èmi tí wọ́n sọ ọ́ fún ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Kí ọmọdé máa wojú mi láì fọhùn nínú òtútù, kí n máa fojú inú wò ó bóyá ìrètí ṣì wà, ìyẹn gan-an ló le jù. Sọ ọ́ kíákíá, kí o sì bá a jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Nílùú Òtútù kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. N kò mọ bí n ó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bàbá Worcester, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí, nítorí ìkúnlẹ̀ nìkan kò tó.

A kò kọ bàbá náà sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé. Mo lọ wo ìwé náà, "22, kún" ni mo fọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, kò sí ohun mìíràn. A ti fa ìlà kejì sí i báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìlà kejì yẹn jẹ́ 3, 0, 5, 2, lóru mẹ́rin tí a kọ́kọ́ kọ ọ́. A ti fẹnu kò pé láti agogo méjì ọ̀sán ni a ó máa gbé fóònù, a sì fi kóòtù ńlá kan kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn fún ẹni tó bá máa jáde bá àlejò dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń ráhùn pé a kò pọ̀ tó láti máa fi ẹnì kan síta, pàápàá nígbà ìdánwò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kérésìmesì sì ń bọ̀, gbogbo wọn ni yóò lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwa tí ilé wa jìnnà sókè òkun nìkan ni yóò kù. Mo ka wa, a jẹ́ mẹ́fà. Mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta mìíràn ní agbègbè yìí bóyá wọ́n lè yá wa ní ènìyàn.

Bàbá náà padà wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó pè lọ́sàn-án, gègé sì mú un. N kò lè pe orúkọ rẹ̀ gán-an, "sir" ni mo pè é, ó rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọpọ́n kalẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mọ́kànlá, tí àwọn yòókù ti sùn, ó bọ́ bàtà náà fúnra rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti dúdú díẹ̀ létí. A pe àwọn onílé ìwòsàn láàárọ̀, wọ́n ní ó tètè dé. Bàtà kánfáàsì yẹn náà ló ṣì wọ̀ jáde, nítorí a kò ní èyí tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Worcester dáhùn pé:

Bàtà nọ́ńbà mélòó ló ń wọ̀? Sátidé ni mo máa ń wá sí ọ̀nà Boston.